Ojú Ìyá Mi Lára Pátákó

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Dókítà gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n wá orúkọ fún ikùn obìnrin tó ti bímọ. Mo rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ náà ni, ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Àkúrẹ́ tí wọ́n ti ń fi iṣẹ́ abẹ tún ara ṣe. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì. Ìwé tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí kò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tí mo kọ sí ọjọ́ méjèèjì kò ju pé òjò rọ̀, bàtà mi sì tutù. Láti yunifásítì ni mo ti ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ohun tó sì ti kọ́ mi ni pé ènìyàn a máa kọ òjò sílẹ̀ dáadáa, a sì máa gbàgbé ẹni tó bá a dúró lábẹ́ òrùlé.

Dókítà jókòó sẹ́yìn tábìlì rẹ̀, ó mọ́ tónítóní bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú jáde nínú ọ̀rá. Ó na fọ́tò ikùn kan sí mi.

“Kí ni ẹ̀yin Yorùbá ń pe èyí?” ó bi mí, bí ẹni pé Ìjù kọ́ ni wọ́n bí òun sí.

“Ikùn, sà.”

“Ikùn lásán?”

“Ikùn ọlọ́mọ, sà.”

Ó mi orí. “Fúnkẹ́, kò sí ẹni tí yóò wọkọ̀ láti Ìgbàrà-Òkè wá síbí nítorí ikùn ọlọ́mọ. Gbogbo obìnrin tó wà nínú ọkọ̀ náà ló ní in. Wá orúkọ tí yóò mú un dà bí ohun tó yẹ kí dókítà rí.”

Ìmọ̀ ẹ̀dá èdè àti Yorùbá ni mo kà. Orí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ni mo kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lé, ọ̀jọ̀gbọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò sì sọ pé èdè wa yóò jàǹfààní rẹ̀ lọ́jọ́ kan. N kò rò pé ikùn ni ọ̀jọ̀gbọ́n náà ní lọ́kàn. Mo fi odindi ọ̀sán rò ó, nígbà tó sì di ìrọ̀lẹ́ mo gbé “àrùn ìdẹ̀kùn ẹ̀yìn ìbímọ” kalẹ̀ níwájú Dókítà. Inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí mo sọ ọ́ lórí rédíò ní ọjọ́ Sátidé, àwọn obìnrin tí àwọn àti ikùn wọn ti ń gbé pọ̀ láìjà láìta bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá láti béèrè bóyá ó máa ń ràn.

Bí iṣẹ́ mi ṣe rí nìyẹn. Agbẹnusọ ni wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, èmi àti Dókítà a jókòó sí iwájú makirofóònù ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, a ó sọ̀rọ̀ nípa ẹwà gẹ́gẹ́ bí ìlera, a ó sì gba ìpè àwọn olùgbọ́. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, mo máa ń wá orúkọ. Apá tó rọ̀, ètè tó tínrín, ìdí tó pẹlẹbẹ, imú tó jókòó dáadáa sí ibi tí Ọlọ́run fi í sí: gbogbo wọn ni mo fún ní orúkọ. Bí orúkọ náà bá ti dé, ẹni tó ni nǹkan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ní in.

Ẹni tó kọ́ mi ní ìyókù iṣẹ́ náà ni Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀, àgbà obìnrin tí ó kù díẹ̀ kí ó fẹ̀yìn tì, tó bí ọmọ mẹ́rin, tí ikùn rẹ̀ kò sì gba ìwòsàn kankan. Òun ni ó ń ya fọ́tò àwọn tó wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé fọ́tò méjì ló wà lẹ́nu iṣẹ́ wa, “ṣáájú” àti “lẹ́yìn”. “Ṣáájú” ni èyí tí à ń yà kí abẹ tó kan ara. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun báláú, obìnrin náà kò gbọdọ̀ wé gèlè, kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, kò sì gbọdọ̀ kun ohunkóhun. “Lẹ́yìn” ni èyí tí à ń yà nígbà tí ara bá san. Fún ìyẹn, a ó mú iná tó rẹwà, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, a ó sì ní kí ó ronú nípa ọmọ rẹ̀ tó gbọ́n jù.

“Àǹtí Bọ́sẹ̀,” mo bi í, “bí a bá gbé iná ‘lẹ́yìn’ fún ẹni ‘ṣáájú’ ńkọ́?”

“Ìdajì wọn á máa lọ sílé,” ó dáhùn. “Ìwọ àti èmi náà á bá wọn lọ.”

Ọjọ́ kan wà tí ọmọbìnrin kan wá láàárọ̀ pé kí oníṣẹ́ eyín wa dí ejí òun, nítorí pé àwọn tí òun ń wò lórí fóònù kò ní in. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, òmíràn wá pé kí ó la ejí fún òun, nítorí pé ìyá àfẹ́sọ́nà òun ní in, ọkọ ìyàwó sì fẹ́ràn ìyá rẹ̀ púpọ̀. “Àìtò eyín” ni Dókítà kọ sí ìwé àwọn méjèèjì. Bọ́sẹ̀ ní ì bá ti rọrùn kí á jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń sọ pé ọjọ́ kan náà ni, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ìtàn náà ṣe dùn jù. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀sẹ̀ kan wà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n ìpè kan wà tó dá mi lójú, nítorí pé ohùn obìnrin náà kò tíì kúrò ní etí mi.

“Ẹ káàárọ̀ o. Ìyá Ṣadé ni mo ń jẹ́, láti Ìjù. Ìlà tó yí mi lọ́rùn ká yìí, ṣé àìsàn ni?”

Dókítà wúkọ́. “A lè kà á sí àmì pé awọ ti ń rẹ̀, màmá.”

“Ọmọge ni mí nígbà tí ọkọ mi fi orin kí i.”

“Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wá rí wa.”

“Ọkọ mi ti kú, sà.”

Mo polówó ọṣẹ.

Ọ̀rọ̀ ilà ojú kò sí nínú ètò wa rárá tẹ́lẹ̀. Ó wọ ibẹ̀ nígbà tí Dókítà lọ kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ tuntun kan, èyí tí wọ́n fi ń gé àpá ńlá kúrò lára, tí wọ́n á sì rán awọ ibẹ̀ pọ̀ tínrín. Ọgbọ́n náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àpá ni kò sí. Oǹdó kò sì jìnnà. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà Oǹdó mọ ilà wọn: ọ̀kan ṣoṣo gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀gbẹ́ imú wá sísàlẹ̀, tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí omijé fi lè gba ojú rẹ̀ lọ láìṣìnà. Olóòlà ni wọ́n ń pe ẹni tó ń kọ ọ́, àwọn òbí ni wọ́n sì ń fi ìdùnnú ránṣẹ́ pè é, nítorí kí ojú ọmọ wọn lè dùn ún wò. Mo ka ìyẹn ní yunifásítì, mo sì rí i ní ojú ìyá mi ní gbogbo àárọ̀ ìgbà èwe mi.

“Àpá ojú àtọwọ́dá” ni orúkọ tó jáde. Mo gbà pé èmi ni mo ṣẹ̀dá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ ní rárá, pé Dókítà ló sọ ọ́ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, tí èmi kàn wọ aṣọ fún un. N kò lè búra. Ohùn tó sọ ọ́ lórí afẹ́fẹ́ nìkan ni kò ní iyèméjì: “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ má fara mọ́ ìyà tó ní ìwòsàn.” Ohùn mi ni.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo wọlé, mo sì bá ìyá mi láàárín àwọn tó ń dúró de Dókítà. Ó jókòó ṣinṣin, báàgì rẹ̀ lórí itan, gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo etí méjèèjì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń wé e. Láti Oǹdó ni ó ti wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ wá.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé kò sí? Àbí ara yín kò yá?”

“Ìwọ lo sọ pé kò yá.”

“Èmi?”

“Lórí rédíò. Mo ń fọ abọ́ lọ́wọ́. O ní ó lórúkọ, o sì ní ó ní ìwòsàn. Mo gbé abọ́ sílẹ̀. Láti kékeré ni nǹkan ti ń ṣe mí báyìí, ọmọ tí mo rán níwèé kò sì sọ fún mi.”

“Ìyá mi, ìpolówó ni.”

“Ṣé irọ́ lo pa?”

Àwọn obìnrin méjì tó wà lórí ìjókòó kejì gbé ojú sókè kúrò lára fóònù wọn. Dókítà ti ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ díẹ̀.

“Rárá, mà,” mo wí.

“Ẹ̀n-ẹ̀n. Lọ sọ fún un pé mo ti dé.”

Èdè Oǹdó ni ìyá mi fi sọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, ó sì mú ju bí mo ṣe tún un kọ yìí lọ. N kò mọ ohun tó ti jò dànù lójú ọ̀nà.

Ohun tó bà mí lẹ́rù kì í ṣe àṣà, kì í sì í ṣe ẹwà. Mo rántí etí kan. Mo wà ní kékeré, wọ́n lu etí náà láti fi yẹtí wúwo kan sí i, ojú ibẹ̀ kò jiná bó ṣe yẹ, ó ń wú, ó sì ń dán, títí ó fi tó awẹ́ obì. Iṣẹ́ mi ti kọ́ mi ní ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Awọ àwọn ènìyàn kan wà tí ohun mímú kò gbọdọ̀ kàn ní àgbà, nítorí pé kò mọ ìgbà tó yẹ kí ó dẹ́kun jíjiná. Tí wọ́n bá gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tí yóò hù padà níbẹ̀ yóò ju ilà lọ, kò sì ní tọ́. Mo sì rò pé etí ìyá mi ni etí náà.

Nínú yàrá Dókítà, ó bi í ní ìbéèrè tó yẹ kí ó bi í.

“Màmá, ǹjẹ́ ojú ọgbẹ́ ti wú lára yín rí, tí ó kọ̀ tí kò lọ sílẹ̀?”

“Kò wú rí.”

“Etí yín ńkọ́, mà?” mo wí.

“Etí wo?”

“Èyí tó wú nígbà tí mo wà ní kékeré.”

“Etí Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìyẹn.” Ó yíjú sí Dókítà. “Àbúrò mi ni, ó ti dolóògbé. Ọmọ yìí a máa da ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ má dá a lóhùn.”

Òótọ́ ni pé mo máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Mo wá inú ara mi wò níbi tí mo dúró sí: mo rí etí náà kedere, n kò rí orí tó so mọ́. Àǹtí Mọ́rẹ̀nikẹ́ kú nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó sì lè jẹ́ tirẹ̀ lóòótọ́. Mo ní kí ìyá mi jọ̀wọ́ tú gèlè kí Dókítà lè wò ó. Ó ní ojú ni òun bá wá, òun kò bá etí wá. Dókítà rẹ́rìn-ín, kò sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ó ti ń wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú orí dídà sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹni tó ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí. Ó ní òun yóò ṣe iṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìyá Agbẹnusọ wa bá lè gbà kí á gbé fọ́tò rẹ̀ sára pátákó ìpolówó. Wọ́n fi ọjọ́ sí oṣù tó ń bọ̀.

Bọ́sẹ̀ mú un lọ ya “ṣáájú”. Èmi kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Bọ́sẹ̀ ti sọ ọ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ tó fi dà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ìyá mi kọ̀ láti tú gèlè. Ó sì kọ̀ láti má rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò lè dúró síwájú fọ́tò bí ẹni tó jí ewúrẹ́. Bọ́sẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, ó sú u, ó sì yà á bẹ́ẹ̀.

Jálẹ̀ oṣù náà ni mo ń lọ sí Oǹdó ní ọjọ́ Ìsinmi láti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. N kò mọ irú ẹ̀bẹ̀ tó ṣòro tó kí ènìyàn máa bẹ ẹni lòdì sí ohùn ara rẹ̀. Bí mo bá sọ pé ilà rẹ̀ dára, á ní kí n lọ sọ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ewu, á béèrè bóyá mo fẹ́ kí òun kú pẹ̀lú àrùn. Ní ọjọ́ kan ṣá, níbi tí a ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sọ ohun tí n kò béèrè.

“Nígbà tí ó máa fi kan Mọ́rẹ̀nikẹ́, bàbá wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn olùkọ́ rìn. Ó ní kò sí ẹni tí yóò tún kọ ilà mọ́ nínú ilé òun. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní, ‘Mọ́rẹ̀nikẹ́, bọ́ síwájú.’ Wọn kò sọ pé kí n bọ́ sẹ́yìn o. Àwọn èèyàn wa mọ ẹ̀kọ́ ilé.”

Ó ju òkúta kan síta.

“Ó kàn jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti bọ́ síwájú, ẹ̀yìn ni ẹni tó kù wà.”

Pátákó náà ti gòkè kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé. Dókítà ń kánjú. Àwọn tó ń bá wa ṣe ìpolówó sì ní kò yẹ kí ara sísan dá àwọn dúró. Wọ́n gbé “ṣáájú” sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n pa ilà rẹ́ lójú rẹ̀, wọ́n tú gèlè, wọ́n fi irun funfun díẹ̀ rọ́pò rẹ̀ àti etí méjì tó jọ́lọ̀, “lẹ́yìn” sì jáde. Wọ́n to àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ńlá bí ògiri ilé, ní ojú ọ̀nà tí a fi ń wọ Oǹdó láti Àkúrẹ́. “Àpá ojú àtọwọ́dá ní ìwòsàn” ni wọ́n kọ sábẹ́ wọn.

“Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́,” ni Bọ́sẹ̀ wí. “N kò rí ‘lẹ́yìn’ tó dé kí abẹ tó jí rí.”

Ohun tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rò tẹ́lẹ̀ ni ohun tí àwọn ará Oǹdó rí. Ní apá òsì, wọ́n rí ìyá kan tó wé gèlè, tó ń rẹ́rìn-ín, tí ilà rẹ̀ yọ dáadáa. Ní apá ọ̀tún, wọ́n rí ẹnì kan tó jọ ọ́, tí ojú rẹ̀ dán bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, tí kò sì jọ pé inú rẹ̀ dùn sí i. Àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìyá mi ní Màmá Pátákó. Ní ọjọ́ Sátidé, ọkùnrin kan pe ètò wa láti Oǹdó.

“Mo kí yín o. Ìyá tó wà lára pátákó yín yẹn, iṣẹ́ yín dára. Mo fẹ́ béèrè bóyá ẹ lè bá ọmọbìnrin mi kọ irú rẹ̀.”

“Irú èwo, bàbá?” Dókítà bi í.

“Irú ilà yẹn náà. Ẹ sọ pé ojú lásán yẹn ní ìwòsàn, ẹ sì fi hàn bó ṣe rí nígbà tó san.”

Mo rí ojú Dókítà. Mo tún polówó ọṣẹ.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, mo wakọ̀ lọ sí Oǹdó láti lọ gbé ìyá mi. Ó ti di ẹrù rẹ̀, kò sì jẹ́ kí n mu omi. Bí a ṣe ń jáde ní ìlú, a kọjá lẹ́yìn pátákó náà, irin àti igi nìkan ni ènìyàn lè rí láti apá ibẹ̀, nítorí pé àwọn tó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́ ni ó kọjú sí. Ó ní kí n dúró. Ó ní gbogbo ìlú ti rí òun tán, òun nìkan ló kù.

A sọ̀ kalẹ̀, a fẹsẹ̀ yí lọ síwájú rẹ̀, a sì dúró sínú koríko. Ó kọ́kọ́ wo ara rẹ̀.

“Gèlè mi dúró dáadáa,” ó wí.

Lẹ́yìn náà ni ó wo apá ọ̀tún. Ọkọ̀ agbégilódò kan kọjá, eruku bò wá, eruku náà lọ sílẹ̀, ó ṣì ń wò ó.

“Ta ló fún wọn ní fọ́tò Mọ́rẹ̀nikẹ́?”

“Ẹ̀yin ni, mà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi pa ilà rẹ́.”

“Mọ́rẹ̀nikẹ́ nìyí, Fúnkẹ́.”

“Àǹtí Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò dàgbà tó báyìí kí wọ́n tó kú.”

“Ṣé ìwọ ni yóò sọ fún mi? Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ fún ìsìnkú.” Kò mú ojú kúrò lára pátákó. “Ó dàgbà níbí. Wò ó. Ó ti ní irun funfun.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú gèlè rẹ̀ níbẹ̀, lójú títì, tí àwọn ọkọ̀ ń kọjá. Ó ká a sí èjìká, ó sì yí etí òsì rẹ̀ sí mi. Ó wà níbẹ̀, ó wú, ó ń dán, ó tó awẹ́ obì.

“Tèmi ni,” ó wí. “Mọ́rẹ̀nikẹ́ kò ní àbùkù kankan lára. Gbogbo ayé ló ń wí bẹ́ẹ̀, ó ti sú mi í gbọ́. Nígbà tí dókítà rẹ béèrè, mo ní kí n fún un ní ọ̀kan.”

Nínú ìrántí tèmi, n kò sọ ohunkóhun. Ìyá mi ní mo sọ pé kí ó wé gèlè rẹ̀ padà kí òòrùn má baà pa á. Ó ṣeé ṣe kí òun rántí jù mí lọ; nínú àwa méjèèjì, òun ni ó mọ ẹni tó ni etí.

“Bí wọ́n bá gé e tán lọ́la,” ó béèrè, “òun yìí ni yóò máa yọjú sí mi nínú dígí láràárọ̀?”

“Bí ó bá san dáadáa ni, mà.”

“Bí kò bá san ńkọ́?”

“Ohun tó ṣe etí yín ni yóò ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín.”

Ó rò ó. Mo ti rò pé etí náà ni yóò dá a dúró.

“Wíwú kò bà mí lẹ́rù,” ó wí. “Èyí tó bá san yẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Mo ti fi ọwọ́ ara mi sin ín lẹ́ẹ̀kan. Yí ọkọ̀ padà.”

Dókítà kò bínú nígbà tí mo sọ fún un. Ìdààmú tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kì í ṣe ìyá mi ni ẹni àkọ́kọ́. Àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n máa ń wá, tí wọ́n á rí bí ara wọn yóò ṣe rí, tí wọ́n á sì dìde lọ sílé láìsọ ìdí. Ó ní nǹkan ń ṣe wọ́n. Ó ní kí n wá orúkọ fún un.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, n kò sì tíì rí orúkọ ọ̀hún. Nígbà tó bá béèrè, mo máa ń sọ fún un pé mo ń ṣe ìwádìí. Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní ọjọ́ Sátidé, n kò sì fẹ́ díbọ́n pé mo ti di ẹlòmíràn. Àwọn obìnrin láti Bọ́lọ́rundúró ṣì ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ẹsẹ̀ wọn péye. Ṣùgbọ́n ìyípadà kan wà. Kí Bọ́sẹ̀ tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ gbogbo àwọn nọ́ọ̀sì tuntun pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, àgbà tàbí ọmọge, yóò tú gèlè tàbí ìborí rẹ̀ kí a tó bi í ní ìbéèrè kankan. “Ẹ ti wo etí?” ni wọ́n máa ń bi ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ báyìí. Àwọn tó kéré jù nínú wọn kò mọ ibi tó ti wá. Wọ́n rò pé inú ìwé ìṣègùn ni.

Nígbà tí wọ́n sọ pátákó náà kalẹ̀, ìyá mi ránṣẹ́ pé kí wọ́n má fi aṣọ rọ́bà tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí fún ẹnikẹ́ni. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣòfò lágbègbè wa. Àwọn kan fi ń sá kòkó, àwọn kan fi ń bo òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé rẹ̀, ó mú àlùmọ́gàjí, ó sì gé e sí méjì láàárín. Ìdajì tó ní gèlè àti ilà ni ó fi bo igi ìdáná lẹ́yìn ilé, kí òjò má baà pa á. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ìdajì kejì ni ó kàn mọ́ ògiri yàrá ìgbàlejò, ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, níwájú gbogbo fọ́tò ẹbí.

Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti ṣọ́ọ̀ṣì dúró wò ó pẹ́.

“Ta nìyí?” obìnrin náà béèrè.

“Àbúrò mi ni. Mọ́rẹ̀nikẹ́.”

“Hẹ̀n. Ó mà dàgbà o.”

“Ó dàgbà,” ni ìyá mi wí, ó sì fa àga fún un kí ó jókòó.